Ẹja tútù, áyù àti sóyà sọ́ọ̀sì nínú páànù: ohun tí ìrírí fi yé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹja tí à ń dín sínú ọbẹ̀ níbí, a máa ń dín in títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ tán, kó lè pẹ́ nílẹ̀, kó má sì fọ́ tí a bá dà á sínú ata. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí yàtọ̀. Òróró rẹ̀ kò pọ̀, páànù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ ẹja á gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹran inú á rọ̀, á sì lómi. Ìgbà tí ẹja bá ti kúrò lórí iná ni áyù àti sóyà sọ́ọ̀sì, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ń wọlé. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, awọ ẹja rẹ̀ á rọ̀, áyù rẹ̀ á jó, kò ní mọ èwo ló bà á jẹ́ nínú méjèèjì.

Àwọn tó ń gbé létí òkun tó ní àpáta iyùn (òkìtì líle bí òkúta tí àwọn ẹ̀dá tíntìntín ń kọ́ sábẹ́ òkun), bí àwọn ará Okinawa ní gúúsù Japan àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, ẹja àpáta iyùn ni wọ́n fi ń sè é. Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun. Láti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ wa nìkan ti tó nǹkan bí kìlómítà 100, Èkó ṣì wà lọ́hùn-ún. Ẹja òkun tó bá dé ibí, inú yìnyín ló ti ń bọ̀. Nítorí náà, ẹpìyà ni mo máa ń ní kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n pa lódò tàbí tí wọ́n kó nínú adágún ẹja láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹran rẹ̀ funfun, ó dì mọ́ra, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, awọ rẹ̀ sì lè fara da iná. Ìwà wọ̀nyẹn náà ni wọ́n ń wá lára ẹja àpáta iyùn. Ẹja pupa òkun tí àwọn oníyìnyín ń pè ní snapper dára, apò náà dára. Àrọ̀ ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà fún. Kò ní ìpẹ́, awọ rẹ̀ ń yọ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bá ata lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ẹja àpáta iyùn fún àwọn èèyàn wa tó wà ní ìdálẹ̀. Àwọn ńlá inú wọn tó ń pa ẹja mìíràn jẹ, bíi barracuda, lè ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní ciguatera lára. Ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń gbé lórí iyùn ló ń mú un wá. Ẹja kéékèèké á jẹ ẹ́, ńlá á jẹ kékeré, májèlé á sì máa pọ̀ sí i bó ṣe ń gòkè. Iná kì í pa á, yìnyín kì í pa á, kò sì ní òórùn. Caribbean àti Pàsífíìkì ni ó ti wọ́pọ̀. Tí àwọn ará ibẹ̀ bá ní àwọn kì í jẹ irú ẹja kan tó bá ti tóbi tó báyìí, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Èyí tó kàn wá níbí ni ti títù àti àwọn ìbátan rẹ̀. Tí ooru bá mú un pẹ́, kòkòrò àìfojúrí á sọ nǹkan kan nínú ẹran rẹ̀ di histamine. Ìyẹn náà, iná kì í pa á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n, orí lè máa fọ́ ọ, ara lè máa yún un láàárín wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ẹja ló lòdì sí ara àwọn, ṣùgbọ́n ooru tó mú ẹja náà kó tó délé ló fà á.

Ẹ wo ojú ẹja tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, yálà ní Takie tàbí ní Akẹ̀sán lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta, kó sì mọ́ gaara. Tó bá ti rì wọ inú, tó sì ti ṣú, ó ti pẹ́. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun tó fi ń mí nísàlẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti di àwọ̀ eérú tàbí tó ń fà bí ilá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹran náà sì padà sókè. Ti oníyìnyín gba àkíyèsí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iná ìjọba. Ẹja tó ti yọ́ tó tún dì, ẹ máa rí omi pupa tó dì sí ìsàlẹ̀ páálí, àwọn ẹja á ti tẹ̀ mọ́ra wọn, ẹran wọn á sì rọ̀ tí wọ́n bá yọ́. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ máa ń tú omi sínú páànù títí, kò sì ní pọ́n láéláé, bó ti wù kí ẹ ṣe é. Tó bá jẹ́ pé òun lẹ rí rà, ẹ se é lọ́bẹ̀.

Ẹja tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 500 ló dára jù. Tó bá tóbi ju ìyẹn lọ, ìta á ti pọ́n kí ìdí egungun tó jinná.

Ní ti mímú un mọ́, láti ìrù lọ sí orí ni kí ẹ ti máa ha ìpẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ìpẹ́ kan ṣoṣo tó bá kù, òróró á máa ta níbẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀gún ẹpìyà máa ń gúnni, ọgbẹ́ rẹ̀ sì ń dùn wọra. Ẹ la ikùn rẹ̀, ẹ rọra yọ ìfun kí òróòro má bẹ́. Tó bá bẹ́, ẹ yára fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì gé ibi tó ti di àwọ̀ ewé kúrò. Ohun méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sílẹ̀ nínú ikùn ẹpìyà. Àkọ́kọ́ ni awọ dúdú tín-ín-rín tó bo inú ikùn. Ẹ fi ìka pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ fà á kúrò, torí òun ló ń mú ẹja korò. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ tó dì mọ́ ẹ̀yìn egungun gbọọrọ. Ẹ fi imú ọ̀bẹ là á, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ jáde. Ohun tí ẹja fi ń mí náà gbọ́dọ̀ jáde, tí ẹ bá fẹ́ dín in pẹ̀lú orí.

Tí ẹja bá ń rùn bí ẹrẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti adágún tí omi rẹ̀ kò ṣàn, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú omi kí ẹ fi ṣan án, kó má sì ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn fún wákàtí kan gbáko. Kíkan ọsàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í se ojú ẹran náà kí ó tó rí iná, á funfun, á sì rọ̀ bọ̀ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ló ń fọ́ nínú páànù tí wọ́n á ní ṣíbí ni kò dára.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró jù nìyí: omi. Nínú ohun mẹ́wàá tó lè ba ẹja yìí jẹ́, omi ló fa mẹ́jọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lójú awọ ẹja, ìgbóná ibẹ̀ kì í ju 100°C lọ, torí omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó lọ. Kò sì sí ohun tó ń pọ́n ní 100°C. Ohun tí ẹ ó rí ni ẹja bíbọ̀ nínú òróró. Ẹran tí kò tíì dì, tí omi sì wà lára rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ irin páànù. Omi yìí náà ló ń mú òróró ta sára ẹni. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀bẹ mímú sín ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ojú 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó jìn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà níbi tó ti nípọn. Ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ ra á níta àti nínú. Ẹ gbé e sórí ajọ̀ tàbí àwo tó dagun, fún ìṣẹ́jú 15. Iyọ̀ á fa omi jáde, ẹ ó rí i tó ń kán. Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tàbí tíṣù nù ún, kì í ṣe ní ìta nìkan, ẹ ti aṣọ bọ inú ikùn, kí ẹ nu abẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ̀lú, ojú ibi tí ẹ sín náà. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹja tí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i á gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ sáà fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Ní ìgbà òjò, ẹ tún un nù lẹ́ẹ̀kejì kó tó wọ páànù.

Ìyẹ̀fun fífọ́n sí i kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ó ń ran ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá lọ́wọ́. Ṣíbí ńlá 1 tó ẹja kan. Ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tàbí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ máa ń gbẹ dáadáa ju fúláwà lọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ á béèrè láfún, ó dájú. Láfún tí wọ́n jọ̀ kúnná ṣe é lò, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ kì í lọ tán, àwọn kan kò fẹ́ ẹ. Èmi fẹ́ ẹ. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fọ́n ọn sí i nígbà tí páànù ti gbóná tán, kí ẹ sì gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù. Tó bá pẹ́ lára ẹja, á mu omi, á di ẹ̀kọ.

Páànù onírin dúdú tó wúwo ló dára jù, torí ìgbóná rẹ̀ kì í lọ nígbà tí ẹja tútù bá bọ́ sínú rẹ̀. Èyí tí kì í lẹ̀ náà ṣe é lò, bí ẹ kò bá jẹ́ kó gbóná lófìfo títí yóò fi máa rú èéfín. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ibi tó gbóná, ó ní ibi tí kò gbóná, ẹ ó máa yí i kiri lórí iná. Tí ẹja bá gùn ju páànù lọ, ẹ gé e sí méjì. Ìrù tó bá gùn lé etí páànù kò ní jinná, á sì fa ẹ̀gbẹ́ yòókù sókè.

Ẹ gbé páànù ka iná tó wà ní àárín. Lórí gáàsì, ìṣẹ́jú 2 sí 3 tó. Lórí èédú, ẹ dúró títí eérú funfun á fi bo èédú, kí ẹ sì fi ẹ̀mú yọ díẹ̀ tó bá ti ń le jù, torí kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yí wálẹ̀. Ẹ kán omi kan sí páànù kó tó rí òróró. Tó bá hó lọ pẹ̀ẹ́, kò tíì gbóná tó. Tó bá di róbótó tó ń sáré kiri, ó ti tó. Ẹ nu omi náà kúrò kí ẹ tó da òróró ṣíbí ńlá 4 sí i. Òróró ẹ̀pà tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa ni mo yàn, kì í tètè rú èéfín. Epo pupa kò bá sóyà sọ́ọ̀sì ṣe. Bọ́tà ńkọ́? Bọ́tà máa ń jó kí ẹja tó jinná, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí ni kí ẹ fi sí i.

Ẹ gbé ẹja sínú páànù láti ọ̀dọ̀ yín lọ, kí òróró tó bá ta lè ta sí ọ̀hún. Ẹ fi ṣíbí pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, torí awọ máa ń sún kì nígbà tí iná bá kàn án, ẹja á fẹ́ ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má rún un, ẹ má sì yí i wò. Ohun tó lẹ̀ mọ́ páànù ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ máa tú fúnra rẹ̀ tí ìta rẹ̀ bá ti dì tó sì gbẹ. Ìṣẹ́jú 4 sí 5 ni fún ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá fi ṣíbí kàn án tó ṣì di ara rẹ̀ mú, ẹ fi 1 kún un. Ẹni tó bá fipá ṣí i, awọ á ṣẹ́kù sínú páànù, ẹja á dúró níhòhò. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ wá fún ẹ̀gbẹ́ kejì ní ìṣẹ́jú 3 sí 4. Bí ẹja bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní ibi tó nípọn jù, gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ fi imú ọ̀bẹ wo ojú sínsín tó jìn jù. Ẹran tó ti jinná á funfun, kì í dán mọ́, á sì tú kúrò lára egungun. Ẹni tó ní ohun ìwọ̀n ìgbóná nílé, 63°C ni kó wò fún.

Ẹja ti dé orí ajọ̀ báyìí. Ẹ má gbé e sórí àwo tó tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ooru tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ á di omi, gbogbo wàhálà tí ẹ ti ṣe lórí awọ á sì di asán.

Ẹ ti gé áyù awẹ́ 5 sílẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ má gún un. Áyù tí wọ́n gún ní omi àti ṣúgà níta, ó ń jó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Atalẹ̀ tó gùn tó oríkèé ìka kan, àti ata rodo ìdajì, bó bá wù yín. Ẹ po ṣíbí ńlá 1½ sóyà sọ́ọ̀sì, omi ṣíbí ńlá 2, àti ìdajì ṣíbí kékeré ṣúgà tàbí oyin papọ̀ nínú ife. Omi inú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Sóyà sọ́ọ̀sì tó bá kan páànù gbígbóná láìlómi á gbẹ lójú ẹsẹ̀, ṣúgà àti èròjà ẹ̀wà inú rẹ̀ á sì jó, ó korò.

Ẹ da òróró inú páànù sí ibi kan, kó ku nǹkan bíi ṣíbí ńlá 1. Tí dúdú-dúdú bá wà nídìí rẹ̀, ẹ nù ún, kí ẹ fi òróró tuntun. Ẹ yí iná wálẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ wá da áyù sí i. Ó gbọ́dọ̀ máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe kó máa pariwo. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n bí wúrà, tí àárín rẹ̀ ṣì funfun, ìgbà yẹn ni kí ẹ da sóyà sọ́ọ̀sì sí i. Ẹ má dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ á pọ́n, torí á tún máa jinná nínú ìgbóná tó kù. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 ni kó fi hó. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi bọ́tà ṣíbí kékeré 1 sí i, kí ẹ sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Abẹ́ ẹja ni mo máa ń da púpọ̀ rẹ̀ sí, kí ìba díẹ̀ pẹ̀lú áyù wà lórí. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ṣe ń gbẹ dé ẹnu.

Ẹ má fi iyọ̀ kún un, ẹ má sì fi Mágì sí i. Sóyà sọ́ọ̀sì ṣíbí ńlá 1 ní nǹkan bíi mílígíráàmù 900 sódíọ̀mù, èyí tó ju gíráàmù 2 iyọ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, kó dín in kù sí ṣíbí kékeré 2, kó fi omi ọsàn kún un. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Under G tàbí níbòmíràn, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò rẹ̀. Omi, ẹ̀wà sóyà, àlìkámà, iyọ̀: èyí tí wọ́n fún ní àkókò láti kan nìyẹn. Tí ẹ bá rí àwọ̀ àfikún àti èròjà kẹ́míkà lọ́pọ̀ yanturu, adùn rẹ̀ á rí ṣákálá. Èyí tó dúdú tó ki, ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, ó sì yára jó, òun kọ́ ni kí ẹ lò níbí. Ẹni tí àlìkámà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ yẹra fún un. Àwọn kan á bi mí bóyá irú lè rọ́pò rẹ̀. Ìbátan ni wọ́n lóòótọ́, kíkan ni wọ́n jọ kan, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú báyìí. Ṣùgbọ́n irú fẹ́ ata, ó fẹ́ epo pupa. Nínú páànù yìí, á gba gbogbo ẹnu lọ́wọ́ ẹja.

Ẹ̀kọ tútù ni mo fẹ́ràn láti fi jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà iṣu sísè, ìrẹsì funfun ni ìkẹta. Ẹ má gbé e sórí àmàlà.

Tó bá kù, ẹ ya ọbẹ̀ áyù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja kó tó wọ fíríìjì. Áyù nínú òróró kò gbọ́dọ̀ sùn síta, torí kòkòrò tó ń fa botulism, àìsàn májèlé oúnjẹ tó lè pa èèyàn, lè dàgbà níbi tí atẹ́gùn kò dé, kò sì ní hàn lójú tàbí nímú. Ọjọ́ 2 nínú fíríìjì ni mo fún un, bí iná bá sì lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ dà á nù. Ẹja fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sínú páànù gbígbẹ lórí iná tí kò le, ìṣẹ́jú 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láìfi òróró sí i. Ẹ gbé ọbẹ̀ áyù kaná lọ́tọ̀ títí á fi hó, kí ẹ tó dà á sí i.